Lámpù Tí Àna Mi Pa

Ìdáàṣà,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1966.

Cosme, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le ní Dakar lọ́hùn-ún, àti pé afẹ́fẹ́ òkun kò tíì ba àwọn ẹ̀rọ rẹ jẹ́ bí o ṣe ń bẹ̀rù. Àwa náà ń bẹ láàyè. Ọyẹ́ ti bó ètè gbogbo wa, eruku sì bolẹ̀ débi pé a kì í rí orí òkè láti ẹnu ọ̀nà wa mọ́ lówùúrọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí Ó má jẹ́ kí ìwọ rí irú ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Ọ̀kan nínú lámpù rédíò méjì tí o fi ránṣẹ́ sí mi, àwọn onígò tó ń fi agbára kún ohùn, ti kú. Jọ̀wọ́, jókòó ná kí o tó bú mi. Mo mọ̀ pé wàá ní o ti sọ fún mi, pé kí n gba iná ìjánu àwọn lámpù náà láti ara tiransifọ́mà, kí n má gbẹ́kẹ̀ lé pílì, òkúta tọ́ọ̀ṣì. O sọ ọ́, mo gbọ́, mi ò ṣe é, ó parí. Ṣùgbọ́n pílì kọ́ ló ṣẹ̀ mí, èèyàn ni. Bí mi ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, inú mi á bẹ́, torí ẹni tó fà á gan-an, mi ò lè la ẹnu bá a wí títí tí màá fi kú.

O rántí Nicolas, àbúrò mi, tó lọ ṣiṣẹ́ ní èbúté Pointe-Noire. Lẹ́tà rẹ̀ kọ́kọ́ ń wọlé dáadáa, nígbà tó yá ó dín kù, nígbà tó tún yá ó dákẹ́ pátápátá. Lásìkò ìkórè iṣu, ọkùnrin ará Tré kan ti ọ̀hún dé, ó ní òun gbọ́ pé ẹrù já lu ọmọ Ìdáàṣà kan pa nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò mọ orúkọ rẹ̀, kò rí òkú, kò tilẹ̀ dá a lójú bóyá ọmọ Ìdáàṣà ni tàbí ọmọ Savè. Ìyẹn ti tó fún Bàbá Eustache, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ilé báyìí. Ó ní Nicolas ni. Ó ní ọmọ tó bá wà láàyè á kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Ló bá dá ọjọ́ ìsìnkú láìsí òkú, ó ránṣẹ́ sí Tré, Kèrè àti Kpingni, ó sì ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì tó wọlé, kí àwọn èèyàn lè rí ọtí mu. Mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní ọmọdé ni mí.

Ọ̀rọ̀ Valentine, ìyàwó Nicolas, ló ká mi lára jù. Wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa fá orí rẹ̀, kí ó wọ aṣọ dúdú, kí ó jókòó opó. O mọ àṣà ilé wa: bí opó bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ọkùnrin ilé kan ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́. Bàbá Eustache sì ti yan ẹni náà sílẹ̀, ọmọ tirẹ̀ ni, ẹni tí oorun ọ̀sán kì í jẹ́ kó rí oko. Valentine kò sunkún, kò jà. Ó ń lọ sóko, ó ń bọ̀, bí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ á ní òun ò gbọ́ pé ọkọ òun kú lẹ́nu ẹni tó rí i, òun ò ní ṣe opó ẹni tó wà láàyè. A rò pé ìfẹ́ ọkọ ló ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Màmá mi tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ sí i, ó ń bu ẹran sínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò mi wá àbúrò mi. Ìwọ lo kọ́ mi bí a ṣe ń pe ẹni tí a kò mọ̀ nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, mo sì pe, mo pe, mo pe. Ọlọ́run dá mi lóhùn: mo bá yòvó kan, òyìnbó kan, pàdé ní Pointe-Noire, oníwà pẹ̀lẹ́, tó ń ṣe rédíò fún ìgbádùn bíi tiwa. A ń fi mọ́ọ̀sì, àmì tí-tí-tí tí a ń tẹ̀ dípò ohùn, bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo fún un ní orúkọ Nicolas, ó lọ sí èbúté, ó béèrè káàkiri, ó sì rí i. Nicolas wà láàyè, ara rẹ̀ le! Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Eustache. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní ariwo tí-tí-tí kì í ṣe ohùn èèyàn, pé kòkòrò pàápàá ń dún bẹ́ẹ̀. Ó ní àfi kí òun gbọ́ ohùn Nicolas, kí òun bi í ní ọ̀rọ̀, kí ó sì dá òun lóhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìsìnkú kò yẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé tọrọ lámpù lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Mọ́ọ̀sì máa ń dé ibi tí ohùn kì í dé. A ń gbọ́ ohùn wọn ketekete níbí, àwọn kò sì gbọ́ tiwa. Mo ní láti kọ́ àpótí tó máa fi agbára kún ohùn wa kí ó lè dé ọ̀hún. Mo gé páànù, mo lu ihò, mo yí wáyà títí ìka mi fi bó. Nígbà tí Bàbá Eustache bá kọjá á ní, “Lambert, ṣé kò tíì jinná?”

Ìwọ mọ ìwà àwọn lámpù yẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, torí inú ṣì ń bí mi. Iná ńlá wà níwájú wọn, wọ́n sì fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń dá wọn dúró ni iná kékeré òdì tí a ń fi sí wọn lọ́rùn, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní polarisation, tí èmi ń pè ní ìjánu. Bí ìjánu bá le jù, ohùn á máa gé. Bó bá dẹ̀ jù, lámpù á máa gbóná. Bí kò bá sí rárá, lámpù á pa ara rẹ̀. Mo la ọparun sí méjì, mo to pílì tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ ní orí-sí-ìdí, mo ń fi kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí abẹ́rẹ́ mítà fi dúró síbi tí mo fẹ́. Mo wá fi àkísà bò ó nítorí eruku. Ó dára, Cosme. Má purọ́, ìwọ náà ì bá yìn ín.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìjánu kì í jẹ pílì. Ó kàn ń dúró síbẹ̀ ni, bí ọdẹ aṣọ́lé tí olè kò wá bá. Gbogbo ilé sì ń wò ó. Dorothée, ìyàwó mi, a máa ní, “Lambert, tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń lọ sẹ́yìnkùlé ti kú, o sì tò wọ̀nyẹn jọ síbẹ̀ tí wọn ò ṣe nǹkan kan.” Mo ṣàlàyé. Mo tún ṣàlàyé. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì ń wo àkísà náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

Ọjọ́ Àìkú wá pé. Yòvó mi ti ṣèlérí pé òun á mú Nicolas wá síwájú rédíò òun lọ́sàn-án, àwọn á sì dúró títí oòrùn á fi wọ̀. Lówùúrọ̀ mo yẹ gbogbo nǹkan wò, ó pé, mo lọ sí Mísà. Ìgbà tí mo wà níbẹ̀ ni àna mi, bàbá Dorothée, ti Kèrè dé fún ọ̀rọ̀ ìsìnkú náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Cotonou ti ra rédíò kékeré alágbèéká fún un, tiransísítọ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ṣùgbọ́n pílì inú rẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá pílì wà nílé.

Ìwọ náà fẹ́yàwó lọ́dọ̀ wa, o mọ̀ ọ́n. Bí àna rẹ bá tọrọ nǹkan nínú ilé rẹ, ẹnìkan kì í ní kò sí. Ohun tó bá sì ti mú, o kò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀, o kò gbọdọ̀ tilẹ̀ wò ó pẹ́. Alárinà tó so ìgbéyàwó yín nìkan ló lè mẹ́nu kàn án. Dorothée ṣí àkísà, ó yọ pílì láti àárín ọparun mi, ó kó wọn fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó wá rí i pé àwọn tó kù ń yí kiri, ó wá nǹkan dí àlàfo náà, ó sì fi àkísà bò ó padà dáadáa. Èmi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá èrò lágbàálá, Bàbá Eustache ń pariwo pé ìgbà wo ni òkú yóò sọ̀rọ̀. Mi ò ṣí àkísà mọ́. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Má sọ ọ́.

Mo tan ẹ̀rọ amúnáwá. Yòvó pè wá, gbogbo ilé gbọ́ ọ, àwọn obìnrin dìde dúró. Mo mú míkírò, mo fún àwọn lámpù ní iná ńlá láti dá a lóhùn. Cosme, kí n tó pe orúkọ ara mi tán, ikùn lámpù méjèèjì ti pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Òórùn jáde. Mo já wáyà iná pẹ̀lú ọwọ́ mi, ó gbá mi, ọ̀kan nínú lámpù náà sì dún pàù, ó là. Bàbá Eustache wá dìde, ó nu aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ rí i fúnra yín. Ó ti kú lẹ́ẹ̀kejì.”

Mo ṣí àkísà. Ṣùkù àgbàdo ni mo bá láàárín àwọn pílì mi. Ṣùkù àgbàdo tí iná kì í gbà kọjá, Cosme! Ó tò wọ́n dáadáa, ó gé wọn ṣe rẹ́gí, ó ní kí èyí tó kù má baà yí dànù. Mo pe Dorothée sí kọ̀rọ̀, mo bi í pé ta ló kó pílì mi. Ó ní, “Bàbá mi ni mo fún. Ṣé kí n ní kò sí, nígbà tí òun náà ń wò wọ́n? Wọn kì í gbóná, wọn kì í tán, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?” Ó bú sẹ́kún, èmi náà ò lè bá a jà mọ́.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: àna mi wà níbẹ̀. Orí àga tó dára jù nílé mi ló jókòó sí, ó gbé tiransísítọ̀ rẹ̀ sí etí, pílì mi ń kọrin fún un láti Cotonou. Ibi tí mo dúró sí, bí mo bá na ọwọ́ díẹ̀, màá kàn án. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, “Lambert, ẹ̀rọ tìẹ ń rùn o. Tèmi kì í rùn.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Alárinà wa wà ní Kpingni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò wá. Oòrùn sì ti ń rọ̀.

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé orí lé ọwọ́. Valentine ló wá bá mi. Ó bi mí pé kí ló dín. Mo ní pílì ni, àti pé lámpù kan ṣoṣo ló kù. Ó ní, “Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun?” Mo ronú sí i, mo rí i pé kò pọn dandan kí ó jẹ́ tuntun, torí ìjánu kì í fa nǹkan kan lára rẹ̀: pílì tí kò lè tan tọ́ọ̀ṣì mọ́ ṣì lè di lámpù mú. Kò dúró gbọ́ àlàyé mi tán. Ó wọ àárín àwọn ará Tré àti Kèrè tó mú tọ́ọ̀ṣì dání nítorí ọ̀nà ilé, ó ń tú ìdí tọ́ọ̀ṣì wọn, ó ń kó pílì sínú ìró rẹ̀. Àwọn kan kùn, ó ní bí wọ́n bá wá sìnkú ọkọ òun, ó yẹ kí wọ́n lè fún òun ní pílì. Wọ́n fún un.

A to ìjánu náà lọ́tun, èmi ń wo abẹ́rẹ́, òun ń na pílì sí mi. Abẹ́rẹ́ ga jù, lámpù ń pọ́n, mo ní kí ó fi kún un. Ó fi kún un, abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó tún ń fi kún un, mo ní ó tó, ó tó, ohùn á gé. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dúró, tí ikùn lámpù náà sì dúdú bó ṣe yẹ, mo mú míkírò mo pe Pointe-Noire. Yòvó dáhùn! Ó ní òun ń gbọ́ wa, ó jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ń gbọ́, Nicolas sì nìyí.

Bàbá Eustache gba míkírò lọ́wọ́ mi. Ó ti ní ìbéèrè nílẹ̀. Ó ní, “Ìwọ tí o ń pe ara rẹ ní Nicolas, àdá mi tí o mú lọ́jọ́ tí o ń lọ, níbo ló wà?” A dúró. Ohùn kan wá, tínrín, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo tà á ní Bohicon.” Bàbá Eustache fò sókè, ó ní, “Òun ni! Olè náà ni!” Agbo bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń sunkún, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn. Mo gbé míkírò sí Màmá lẹ́nu. Obìnrin tó ti ń sọ ohun tó máa bá ọmọ rẹ̀ sọ láti oṣù tó kọjá, gbogbo ohun tó rí sọ ni, “Nicolas, ṣé o ti jẹun?” Ọmọ náà kò lè dáhùn, a ń gbọ́ ọ tó ń fa imú.

Lẹ́yìn náà ni Valentine na ọwọ́. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn ìyàwó ilé ń pa á lówe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di míkírò mú bí mo ṣe fi hàn án, ó ní, “Nicolas, Valentine ni. Mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe opó rẹ, mi ò gbà, torí opó ilé yìí kì í bọ́ nínú ilé yìí mọ́. O ní o máa padà wá mú mi lọ síwájú Fádà, o kò wá, o kò sì kọ̀wé sí mi. Ẹni tó kú kò ṣe é kọ̀. Ìwọ kò kú, gbogbo ilé sì ti gbọ́ ohùn rẹ. Mo kọ̀ ọ́.” Ó fi míkírò lé mi lọ́wọ́, ó jáde gba àárín èrò kọjá.

Mo jọ̀wọ́ bọ́tìnnì, ohùn Nicolas wọlé, ó ń fà lọ ó ń bọ̀. Ó ní, “Lambert, kí ló sọ? Mi ò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ orúkọ mi, mi ò gbọ́ èyí tó kù. Jẹ́ kí ó tún un sọ.” Mo wo Màmá, Màmá wo ilẹ̀. Mo sọ ọ́ sínú míkírò, Nicolas ní òun ò gbọ́. Mo pariwo rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́. Oòrùn ti wọ̀, lámpù kan ṣoṣo kò lágbára mọ́ fún ohùn. Mọ́ọ̀sì nìkan ló kù. Mo fa bọ́tìnnì mọ́ọ̀sì sọ́dọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ ní Faransé fún yòvó, torí òun ló ń gbà á: Valentine te quitte, Valentine kọ̀ ọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ọwọ́ èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Ó pẹ́ kí yòvó tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan ló tẹ̀ padà, “Reçu,” pé òun ti gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn kò tẹ nǹkan mìíràn mọ́.

Báyìí, wọ́n ti mu ọtí ìsìnkú, wọ́n ní ti ìdùnnú ni. Bàbá Eustache ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àpótí Lambert ló tú ilé ká, pé bí mo bá ti jẹ́ kí òkú jẹ́ òkú, ìyàwó ì bá wà nílé. Dorothée kò bá mi sọ̀rọ̀ torí pé mo sọ̀rọ̀ ṣùkù àgbàdo níwájú àwọn ìyàwó ilé. Ó ti sú mi, Cosme. Ó sú mi pátápátá. Èmi tí mo kàn fẹ́ kí ohùn kan dé ibì kan, èmi ni gbogbo wọn ń bínú sí. Bí o bá rí lámpù kan tó bá èyí tó kù mu, fi í ránṣẹ́ sí mi, màá gba ìjánu rẹ̀ láti ara tiransifọ́mà bí o ti wí. Inú rẹ dùn báyìí, àbí?

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ àti ilé rẹ. Kí Ó fi àlàáfíà sí àárín ìwọ àti ìyàwó rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe lọ jìnnà débi tí ohùn yín kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, kí Ó sì fún ọ ní àna tí kì í gbọ́ rédíò. Bá mi kí gbogbo àwọn tó bá ṣì rántí mi níbẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀,
Lambert.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí mọ́ọ̀sì wọlé láti Pointe-Noire. Yòvó ní Nicolas kò jẹun láti ọjọ́ yẹn, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń bọ̀ wálé. Màmá ń jó lágbàálá. Valentine sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Tré, gbogbo ilé sì ti fẹnu kò pé èmi tí mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni kí n gbé ti ọkọ rẹ̀ lọ bá a. Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀ yìí, mo sì tún gbé e wọlé padà.